Ìtara Nìkan Kọ́: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Achenyo Idachaba lórí Ewé Gbéborùn

Bí wọ́n bá pe àlejò wá sí ilé-ìwé láti bá àwa ọmọ kíláàsì àgbà sọ̀rọ̀ lórí òwò, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ìtara. Wọ́n á ní ẹni tó bá ní ìtara ni òwò máa ń yẹ, wọ́n á sì ní láti inú ìtara ni gbogbo àrà tuntun ti ń jáde. A óò pàtẹ́wọ́, a óò dúpẹ́, a óò padà sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan tó ṣàlàyé fún wa bí ìtara tó wà nínú ọkàn ènìyàn ṣe ń di ohun tí a lè fi ọwọ́ mú, tí a lè gbé lọ sí ọjà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣe lámèyítọ́ ọ̀rọ̀ àsọyé kan tí ó gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀. Mo fẹ́ fi hàn ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dára, mo sì fẹ́ fi hàn ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó.

Arábìnrin Achenyo Idachaba ló sọ ọ̀rọ̀ náà lórí ìtàgé TED ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2015. Bí a bá túmọ̀ àkọlé rẹ̀ sí Yorùbá, yóò jẹ́ "Bí mo ṣe sọ ewéko aṣekúpani di òwò tó ń gbèrú". Ọ̀rọ̀ náà kò gùn ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méje lọ, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní fóònù tó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì lè wò ó. Ọmọ Igala ni arábìnrin yìí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ṣe ní Amẹ́ríkà kí ó tó padà wá sí Nàìjíríà ní 2009. Ìbàdàn wa níbí ló fi ṣe ibùdó MitiMeth, ilé-iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ láti máa fi ewé orí omi hun apẹ̀rẹ̀, àpamọ́wọ́ àti àwọn ohun èlò orí tábìlì. Ní 2014, ó wà lára àwọn obìnrin olùdásílẹ̀ òwò tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Cartier.

Ewé tí ọ̀rọ̀ náà dá lé kì í ṣe àjèjì sí àwa tí à ń gbé Ẹlẹ́yẹlé. Ní 1942 ni wọ́n dí odò Ọ̀nà láti ṣe dáàmù tó wà ládùúgbò wa, kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Lójú omi yìí ni ewé gbéborùn ń tẹ́ ara rẹ̀ sí bí ẹní. Ó tutù minimini, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, débi pé ẹni tó ń kọjá nínú mọ́tò lè rò pé pápá ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ewé náà ti wá. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní apá Bàdágìrì, kí ó tó máa gba omi kan bọ́ sí òmíràn. Ó ń dí ọkọ̀ ojú omi lọ́nà. Ó ń bo omi mọ́lẹ̀ títí afẹ́fẹ́ kò fi ní tó ẹja mí. Nítorí náà, bí arábìnrin yìí ṣe ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ọ bí ìtàn ọ̀nà jíjìn. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá rí bí àkọlé rẹ̀ ṣe sọ, a jẹ́ pé oògùn odò wa ti wà nílẹ̀ láti 2015. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ ibi tí oògùn náà mọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó dára. Àkọ́kọ́, olùsọ̀rọ̀ kò fi owó bẹ̀rẹ̀. Ó rí ọkọ̀ àwọn apẹja tí ewé ti há mọ́, àánú wọn ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ó wádìí ibi tí ewé náà ti ṣẹ̀ wá, ó sì tún wádìí orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pè é. Ó sọ fún àwùjọ pé àwọn Igala ní orúkọ kan fún un tó túmọ̀ sí ikú ìyá àti ọmọ, ó sì sọ fún wọn pé gbéborùn ni wọ́n ń pè é níbòmíràn. Ó lè dà bí ẹ̀fẹ̀ létí àwọn olùgbọ́ òkè òkun, ṣùgbọ́n Yorùbá mọ ohun tí gbéborùn jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó bá gbọ́ ní Dùgbẹ̀ láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ring Road. Bí ewé náà ṣe ń tàn kálẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn tó fún un lórúkọ ti wò ó dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Olùsọ̀rọ̀ yìí ní làákàyè láti gbà pé ìmọ̀ wà nínú orúkọ tí ará ìlú bá fún nǹkan, ó sì fi ìmọ̀ náà ṣáájú ìmọ̀ tirẹ̀. Mo yìn ín fún èyí.

Èkejì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sábó. Lẹ́yìn tí ó ti mọ̀ pé ọ̀pá ewé náà ṣe é hun bí ó bá gbẹ, ó ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lọ́ okùn. Kò wá ẹni náà lọ sí yunifásítì. Sábó ti Ìbàdàn níbí ló lọ, ládùúgbò àwọn Hausa, ó sì bá àgbà oníṣẹ́ okùn kan níbẹ̀. Ọ̀gá náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà kò gbọ́ Hausa. Àwọn ọmọdé ló ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn. Ẹ dúró díẹ̀ síbí, nítorí lójú tèmi, òpó tó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà ró nìyí. Ẹni tó ti fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà wá di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ alókùn, àwọn ọmọ kéékèèké sì di ẹni tí iṣẹ́ kò lè ṣe láìsí wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bó bá jẹ́ pé ìtara owó nìkan ni arábìnrin yìí ní, ì bá ti wá okùn rà lọ́jà. Bó bá jẹ́ ìtara òkìkí ni, ojú ì bá tì í láti lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Láti inú apá yìí ni mo ti fa ohun tí mo gbà gbọ́ nípa ìtara yọ. Ìtara kì í dá àrà fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń mú ènìyàn dúró ti ohun kan pẹ́ títí, títí ohun náà yóò fi fi àṣírí rẹ̀ hàn án. Ojú tó bá farabalẹ̀ ló ń rí imú. Ewé gbéborùn ti wà lójú omi wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Okùn lílọ́ ti wà ní Sábó tipẹ́tipẹ́. Kò sí èyí tó jẹ́ tuntun nínú méjèèjì. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ẹnì kan ní sùúrù tó láti mú ọ̀kan lọ bá èkejì.

Kí ẹ má baà rò pé igi kan ṣoṣo ni mo rí tí mo ń pè ní igbó, ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ mìíràn wá láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí. Arábìnrin Yemisi Iranloye ló dá ilé-iṣẹ́ Psaltry sílẹ̀ ní agbègbè Adó-Àwáyè. Ẹ̀gẹ́ ni ohun tirẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé bí a bá ti hú ẹ̀gẹ́ tán, kò ní pé ọjọ́ mẹ́ta tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹni tí kò mọ ìwà ẹ̀gẹ́ yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí ìlú ńlá níbi tí títì tó dára wà, yóò wá máa retí ọkọ̀ tó taku sọ́nà, ẹ̀gẹ́ yóò sì máa jẹrà nínú rẹ̀. Arábìnrin yìí gbé ilé-iṣẹ́ lọ bá ẹ̀gẹ́ lóko. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gẹ́ ṣe sorbitol ní 2022. Sorbitol ni ohun adùn tí wọ́n ń lò nínú ọṣẹ ìfọyín. Àrà tó dá níbí kò ti orí àlá wá. Bíbàjẹ́ tí ẹ̀gẹ́ máa ń tètè bàjẹ́ ló sọ ibi tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Àwọn obìnrin méjèèjì yìí ní ìtara, ṣùgbọ́n ohun tí ìtara wọn dojú kọ ni ìwà ewé àti ìwà ẹ̀gẹ́. Owó wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Wàyí o, ibi tí mo ti fẹ́ bá ọ̀rọ̀ Arábìnrin Idachaba wí ti dé. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ wà nínú àkọlé rẹ̀. "Bí mo ṣe" ni àkọlé náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni "mo", ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí níbí ti pọ̀ jù. Olùsọ̀rọ̀ kò fi olùkọ́ rẹ̀ pamọ́ o. Ó dárúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo àwùjọ, èyí tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í ṣe. Ó tún mẹ́nu ba àwọn ahunagbọ̀n tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, gbàrà tí okùn ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọ̀gá ti parẹ́ nínú ìtàn. Ọ̀rọ̀ náà kò dáhùn ìbéèrè tó yẹ kó wà lọ́kàn gbogbo ọmọ tó ń gbọ́ ọ: nígbà tí ìmọ̀ àtayébáyé bá di àrà tuntun, tó sì di ọjà, kí ni ìpín ẹni tó ni ìmọ̀ náà? Ṣé ọpẹ́ nìkan ni? N kò sọ pé wọ́n rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ kọ́ wa bí àrà ṣe ń wáyé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a rí gbogbo ọwọ́ tó wà nídìí rẹ̀ títí dé ìparí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a óò máa rò pé ìtara ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ẹ̀sùn kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó kan omi tí à ń mu. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé bí òwò bá ti ń lọ dáadáa, odò náà yóò máa mọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Níbi tí oòrùn bá wà, tí omi kò yára, tí ìdọ̀tí ìlú sì ń wọ inú omi láti máa bọ́ ọ, ewé yìí lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó bo ìwọ̀n pápá bọ́ọ̀lù 1 lónìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, yóò bo 2. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, yóò bo 4. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, yóò bo 16. Ọwọ́ tó ń hun apẹ̀rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì lọ́sẹ̀ méjì-méjì, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà tí wọ́n ti ń rà á kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ewé náà lọ jẹ́ omi. Ohun tó kún inú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n kó o, bí oòrùn bá pa á tán, díẹ̀ ló máa kù. Ọ̀pá rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń fi hun nǹkan.

Mo bi bàbá apẹja kan léèrè nípa èyí létí omi wa. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí wọ́n bá ń ra ewé yìí lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ ó máa kó o?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, a ó kó o. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti wà nídìí rẹ̀, ta ló máa fẹ́ kó tán?"

Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ TED náà kò béèrè nìyẹn. Bí a bá ní kí èkuru tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Òwò tó ń jẹun lára ewé gbéborùn nílò ewé gbéborùn lọ́dún tó ń bọ̀, àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn kò sọ òwò náà di búburú, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí òwò yanjú ìṣòro àti kí ó rí nǹkan jẹ lára ìṣòro. Bí a bá fi orúkọ kan náà pe méjèèjì, a óò máa dúró de oníṣòwò láti ṣe ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ náà ì bá fi kún ara rẹ̀, kò sì jìnnà. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn láti 1967, ní ẹ̀ka kan ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ níbẹ̀ tú irú kòkòrò kékeré kan sí ojú omi. Kòkòrò náà jọ èyí tó ń jẹ ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ewé gbéborùn ni oúnjẹ tirẹ̀. Wọ́n lo irú kòkòrò kan náà ní adágún Victoria ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ewé náà sì dín kù púpọ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń padà wá nígbà mìíràn. Kò sí ẹni tó ń ta kòkòrò yìí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìtara wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá lè fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí kòkòrò ṣe ń jẹ ewé, kí ó tó dá a lójú pé kò ní jẹ irè oko àwọn àgbẹ̀, kò lè ṣe é láìní ìtara. Ìtara onímọ̀ yìí kò mú owó wá fún un, síbẹ̀ ó bí àrà. Bí a bá ń sọ fún àwọn ọmọ pé inú òwò nìkan ni ìtara ti wúlò, a ti gé ọ̀rọ̀ náà kúrú.

Ẹnì kan lè sọ pé mo ti ń béèrè ohun tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méje. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnì kan tún lè sọ pé, ìwọ tí o jókòó tí o ń kọ̀wé, agbọ̀n mélòó lo ti hun? Òótọ́ nìyẹn náà. Arábìnrin yìí fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ okùn, ó sì kọ́ àwọn ará etí omi kí wọ́n lè rí nǹkan mú wálé. Owó tó bá wọ ọwọ́ ìyá kan létí omi kì í ṣe ohun tí èmi lè fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ kì í ṣe ìjà. Gbólóhùn kan péré ni mo ń wá: kí ó sọ pé òwò òun lè kó díẹ̀ nínú ewé yìí, pé èyí tó kù wà lọ́wọ́ ìjọba, lọ́wọ́ àwọn onímọ̀, àti lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń da ìdọ̀tí sínú odò. Gbólóhùn yìí kò lè gba ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Bí ó bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dára ì bá di ọ̀rọ̀ tó pé.

Ìdájọ́ mi ni pé kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé wò ó, pàápàá àwa tí omi Ẹlẹ́yẹlé wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n kí a máa wo apá ti Sábó ju apá ti àtẹ́wọ́ lọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ dá òwò sílẹ̀ lọ́la, kí ó má kàn sọ pé òun ní ìtara. Kí ó sọ ohun tí ìtara rẹ̀ dojú kọ: ṣé awọ ni, ṣé irin ni, ṣé ata tó ń bàjẹ́ lọ́jà ni? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ ṣeun tí ẹ ń kọ́ wa ní ìtumọ̀ òwò àti oníṣòwò, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wa lọ sọ́dọ̀ alókùn, ẹ mú wa lọ sétí dáàmù, kí a lè fojú rí ohun tí à ń kọ sínú ìwé. Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ yín bá dúró pẹ́ lọ́dọ̀ ahunagbọ̀n tàbí lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń béèrè ìbéèrè, ẹ má tètè sọ fún un pé iṣẹ́ ẹni tí kò kàwé nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ohun tí yóò fi jẹun lọ́jọ́ iwájú wà.

Ní ti odò wa, ewé ṣì ń tẹ́ ẹní lórí rẹ̀. Ìtara ẹnì kan ti fi hàn wá pé ọ̀pá ewé náà lè di okùn, a sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Ṣùgbọ́n kí omi tó lè mọ́, yóò gba ju ìtara ẹnì kan lọ. Yóò gba pé kí ìlú dẹ́kun bíbọ́ ewé náà, kí ìjọba àti àwọn onímọ̀ sì farabalẹ̀ jókòó ti odò yìí bí arábìnrin náà ṣe jókòó ti okùn ní Sábó.